Àbúrò tó ń há dikíṣọ́nárì sórí, dúró ná

Mo ka ohun tó o kọ, pé JAMB ẹlẹ́ẹ̀kejì lo fẹ́ ṣe yìí, pé Use of English ló fà ẹ́ sẹ́yìn nígbà àkọ́kọ́, o ti wá gbé dikíṣọ́nárì ńlá kalẹ̀ láti A, ogún ọ̀rọ̀ lo ń há sórí lójúmọ́, àmọ́ tó bá fi máa dọjọ́ kẹta wọ́n á ti fò lọ, o wá ń bèèrè pé ṣé orí ẹ ni ò gba ìwé ni. Orí ẹ pé jàre, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ nǹkan míì fún ẹ. Ọ̀rọ̀ tó dá wà láìní gbólóhùn lorí kì í gbà, torí kò rí ibi tó máa so ó mọ́.

Èmi ò lọ yunifásítì lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdìrì o. Iṣẹ́ ìránṣọ ni wọ́n fi mí sí ní Mọ́kọ́lá, àárọ̀ kùtù ni mo ń lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, alẹ́ ni mo ń délé, ìgbà tí mo ṣe fìrídọ̀mù tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ GCE. Ìwé tí mo ń rí kà nígbà yẹn ò ju pépà àtijọ́ tí ọ̀gá mi ń rà ní kílò kílò láti fi gé pátánì. Tribune ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìwé ìròyìn ìlú wa n'Ìbàdàn níbí, láti 1949 ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Kí n tó fa ìlà sí i màá ti kà á, nígbà míì mo ti gé e tán kí n tó ráyè, ìbẹ̀rẹ̀ ìròyìn á wà lára ọwọ́ aṣọ, òpin ẹ̀ á wà lára ẹ̀yìn, màá wá to méjèèjì pọ̀ kí n lè mọ bó ṣe parí.

Inú irú pépà bẹ́ẹ̀ ni mo ti pàdé reluctant. Ọ̀rọ̀ láńlọ́ọ̀dù àti tẹ́náǹtì ni, wọ́n ní láńlọ́ọ̀dù yẹn was reluctant to refund the money. Mi ò mọ reluctant, àmọ́ mo mọ refund, mo mọ money, mo sì mọ bí ojú láńlọ́ọ̀dù ṣe máa ń rí tówó bá fẹ́ jáde lápò ẹ̀. Kí n tó débi dikíṣọ́nárì lálẹ́ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó ń fà sẹ́yìn ni wọ́n ń sọ, dikíṣọ́nárì kàn jẹ́rìí sí i ni. Mo tún ti rí i níbẹ̀ pé "to" ló ń tẹ̀ lé e, mi ò ní láti lọ há ìyẹn lọ́tọ̀. Títí dòní tí mo bá gbọ́ ọ, láńlọ́ọ̀dù yẹn ni mo ń rí.

Wò ó, ìbéèrè 60 ni wọ́n ń bèèrè nínú Use of English, sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó kù 40 40 ni, nítorí náà ó yẹ kó dùn ẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá o mọ ọ̀rọ̀, inú gbólóhùn ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n á ní mú èyí tó sún mọ́ ọn jù tàbí èyí tó jẹ́ òdìkejì ẹ̀. Ẹni tó há ìtumọ̀ kan, tí gbólóhùn yẹn bá wá lọ lo ìtumọ̀ kejì, ó ti ṣì í nìyẹn.

Ìwé wo wá ni kó o máa kà? Ibí yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, òun làwọn èèyàn sì máa ń fò. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní New Zealand tó ń jẹ́ Paul Nation, òun àti ẹnì kejì ẹ̀ ṣèwádìí kan tó jáde ní 2000, wọ́n rí i pé kí ìwé ìtàn tó lè yé èèyàn dáadáa láìsí olùrànlọ́wọ́, ó yẹ kó mọ bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé nínú 50 ọ̀rọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni kó ṣàjèjì. Ojú ìwé tó bá ní bí 300 ọ̀rọ̀, tó o bá ti rí ju mẹ́fà lọ tí o ò mọ̀, gbé e sílẹ̀ ná, wàá padà sí i. Lọ bá àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀, ra ìwé ìtàn pẹlẹbẹ, ì báà jẹ́ tọmọ JSS, kò sí ìtìjú kankan ńbẹ̀. Tó o bá ń kà á, má dúró sórí gbogbo ọ̀rọ̀, fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ kó o máa lọ, èyí tó bá tún jáde lẹ́ẹ̀kejì ni kó o mú.

Dikíṣọ́nárì ńlá yẹn náà, gbé e fún ẹlòmíì. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni kó o rà, bíi ti Longman tó kọ́kọ́ jáde ní 1978, bíi 2,000 ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni wọ́n fi ń ṣàlàyé gbogbo èyí tó kù, kì í fi ọ̀rọ̀ líle túmọ̀ ọ̀rọ̀ líle.

Ó wá kan káàdì tí wàá máa kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí o. Páálí pátánì ni mo fi ń gé tèmi. Níwájú, kọ gbólóhùn tó o ti rí ọ̀rọ̀ náà, kó o fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ yẹn wà. Lẹ́yìn, kọ ọ̀rọ̀ náà àtàwọn ẹbí ẹ̀, reluctantly, reluctance. Tó o bá gbé e, fi ẹnu pè é jáde kó o tó yí i padà, ibi tí agbára wà nìyẹn, torí kéèyàn máa wo ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ló ń mọ̀ ọ́n, ẹnu ò mọ̀ ọ́n, tó o bá dé iwájú kọ̀ǹpútà JAMB ojú á ní òun ti rí i rí, kò ní lè sọ ibi tó ti rí i.

Ará Jámánì kan, Ebbinghaus, ti fi ara ẹ̀ dán bí èèyàn ṣe ń gbàgbé nǹkan wò tipẹ́, 1885 ló tẹ àbájáde ẹ̀ jáde. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìgbàgbé máa ń yára jù, lẹ́yìn náà á wá rọra, àtúnkà tí wọ́n fi àyè sáàárín ẹ̀ ló sì ń dá a dúró. Ní 1972, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Sebastian Leitner kọ bí wọ́n ṣe lè fi àpótí káàdì ṣe àtúnkà yẹn. Páálí òwú mẹ́ta ni mo lò, àkọ́kọ́ ojoojúmọ́, ìkejì ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ìkẹta ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Káàdì tó o bá gbà á sún síwájú, èyí tó o bá kùnà á padà sí páálí àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ inú ìkẹta ló ti ń bọ̀. Áàpù kan tó ń jẹ́ Anki ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni lórí Android, àmọ́ páálí ò nílò iná.

Ọ̀rọ̀ tuntun márùn-ún lójúmọ́ ti tó ẹ. Ogún yẹn ló ń pa ẹ́, torí àwọn tàná ń padà bọ̀, àwọn tìjẹta náà ń bọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì iṣẹ́ á ti gun orí ara wọn, ó máa sú ẹ, wàá sì pa gbogbo ẹ̀ tì. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nínú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́ ní Ọjọ́ọ̀ báyìí, àwọn tó ń mú márùn-ún ló ń bá a dópin.

Mọ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ díẹ̀ náà, tó o bá mọ̀ pé ire ni bene, ibi ni mal, o ti rí ẹ̀yìn benefit, benevolent, malice àti malignant. Àmọ́ máa wo gbólóhùn ẹ̀ o, male ò bá mal tan rárá. Tó o bá sì wọ Micra láti Ọjọ́ọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, mú ọ̀rọ̀ kan nínú páálí, fi sọ nǹkan tó o rí lójú ọ̀nà sínú, kó o ṣe gbólóhùn tìẹ.

Tó bá wá ku ọ̀sẹ̀ kan kó o wọ gbọ̀ngàn, má kọ káàdì tuntun mọ́. Páálí àkọ́kọ́ ni kó o gbájú mọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, torí inú ẹ̀ làwọn tó ṣì ń bá ẹ jà wà.