Ṣé obìnrin lè fi ṣẹ́lò jẹun?

Màmá, ẹ ní ọmọbìnrin yín tó ń fi ṣẹ́lò (ohun èlò orin olókùn ńlá bíi gòjé, tí wọ́n ń ki sáàárín orúnkún) ṣeré ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Ákùúrẹ́ fẹ́ fi ṣiṣẹ́, bàbá rẹ̀ sì ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Rárá o. Ó ti lé ní 150 ọdún tí obìnrin ti ń fi jẹun.

Lise Cristiani, ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní 1827, gbé tirẹ̀ dé Siberia ní Rọ́ṣíà. Láyé ìgbà náà, wọ́n ní kò yẹ kí obìnrin ki nǹkan sáàárín orúnkún, ni ọ̀pọ̀ wọn bá ń kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ìyàwó tó wọ ìró ṣe ń jókòó lẹ́yìn ọ̀kadà. Guilhermina Suggia, ará Portugal, náà lókìkí gan-an.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ jù ni Jacqueline du Pré, ará Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ 20 ọdún ni ní 1965 tó gba concerto Elgar sílẹ̀, ìyẹn orin tí Elgar kọ fún ṣẹ́lò àti ẹgbẹ́ olórin ńlá, àwọn èèyàn ṣì ń wá a gbọ́ dòní. Ó dùn mí pé multiple sclerosis, àìsàn tó ń ba ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́, kò jẹ́ kí ìka rẹ̀ mọ okùn lára mọ́. Ó fi eré sílẹ̀ ní 1973, ó kú ní 1987.

Lónìí, Sol Gabetta ará Argentina àti Alisa Weilerstein ará Amẹ́ríkà ń ṣeré káàkiri ayé.

Tí ọmọ náà bá ṣì kéré, ẹ má ra èyí tó tóbi tán fún un. Wọ́n ń ṣe kékeré fún ọmọdé.