Òòyì ń kọ́ Màmá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí wọ́n bá jẹ iyán tán lọ́sàn-án, tí wọ́n dìde, òòyì á máa kọ́ wọn. Kí wọ́n tó jẹun, ìfúnpá wọn jẹ́ 138 lókè. Lẹ́yìn wákàtí kan ó ti di 108. Ẹnìkan ní họ́mónù tó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ inú ìfun pọ̀ ni kò sí lára wọn mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó kù díẹ̀ kó bá a. Họ́mónù ń bẹ, ara àgbà ni kì í tètè dá a lóhùn.

Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ló ń lọ sí inú, ìfun àti ẹ̀dọ̀. Bí a bá jẹun, òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ á tún gbòòrò sí i. Ẹ wo ilé tó ní táńkì omi kan ṣoṣo: bí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná gbayawu, ẹ̀kán-ẹ̀kán ni omi máa dé balùwẹ̀ òkè. Balùwẹ̀ òkè yẹn ni ọpọlọ Màmá nígbà tí wọ́n bá dìde.

Noradrenaline, ọ̀kan nínú àwọn họ́mónù tó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ló ń yára jù láti gbé ìfúnpá tó bá já wálẹ̀ padà sókè. Ẹnu àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ ló ti ń jáde. Ó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ àti apá pọ̀, ó sì ń mú ọkàn sáré. Ọjọ́ orí, àtọ̀gbẹ àti àrùn Parkinson máa ń sọ iṣẹ́ yìí di ìfàfàlẹ̀. Angiotensin II náà wà, họ́mónù mìíràn tó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, tí kíndìnrín ń tipasẹ̀ èròjà kan tó ń jẹ́ renin dá sílẹ̀. Ti vasopressin, họ́mónù kẹta, yàtọ̀: omi ló sábà máa ń bá ara ṣọ́, àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣòfò púpọ̀, ó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ ìfun gan-an, ẹ̀jẹ̀ tó sinmi síbẹ̀ á padà sọ́dọ̀ ọkàn, ìfúnpá á sì gòkè. (Nítorí fífún tó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ ìfun yìí ni a fi ń lo terlipressin, oògùn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, fún aláàrùn ẹ̀dọ̀ tí òpó ẹ̀jẹ̀ bẹ́ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.)

Oògùn wo ni Màmá ń lò? Lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, máa ń dín angiotensin II kù. Oògùn tó ń múni tọ̀ máa ń dín omi ara kù. Ẹ má dá a dúró o! Ẹ bi dókítà wọn bóyá a lè yí àkókò rẹ̀ kúrò nítòsí oúnjẹ. Ẹ kọ ìfúnpá náà sílẹ̀ fún un, ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kó já wálẹ̀ ju 20 lọ láàárín wákàtí méjì kì í ṣe ohun àfojúfò.

Ní báyìí, ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ sí i, kí wọ́n máa jẹun díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lóòjọ́. Kí wọ́n mu ife omi ńlá kan ṣáájú oúnjẹ, àfi tí dókítà bá ti ní kí wọ́n ṣọ́ omi mu. Bí wọ́n bá jẹun tán, kí wọ́n jókòó dáadáa kí wọ́n tó dìde, kí ẹnìkan sì wà nítòsí. Bí wọ́n bá dákú, tí àyà ń dùn wọ́n, tí apá kan rọ, tàbí tí ìgbẹ́ wọn dúdú bí ọ̀dà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.