Èsì: Ìdí tí "RAM Cleared" fi ń yọ lẹ́yìn AsmPrgm yín

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ ní ẹ kọ ètò AsmPrgm (àmì tó ń sọ pé kóòdù ẹ̀rọ ló tẹ̀lé e) sórí ẹ̀rọ ìṣirò TI yín, tí "RAM Cleared" sì yọ, ìyẹn ni pé ohun tó wà nínú RAM, ìrántí rẹ̀, ti pa rẹ́. C9, àṣẹ tó ní kó padà, ni kò sí níparí kóòdù yín. EF4045 tí ẹ kọ ń nu ojú ẹ̀rọ lóòótọ́, àmọ́ kò sí ohun tó sọ fún un pé kó padà. Ó ń ka ohunkóhun tó bá wà níwájú bí àṣẹ, gbogbo ẹ̀ á wá dàrú. Ẹ sọ ọ́ di EF4045C9.

TI-83 Plus àti TI-84 Plus ojú dúdú-funfun ni mo ń sọ o. Ẹ má gbé e sórí TI-84 Plus CE, kóòdù tiẹ̀ yàtọ̀.

Àdírẹ́sì 4540 (ti iṣẹ́ tó ń nu ojú ẹ̀rọ) tí ẹ yí padà sí 4045, ẹ ṣe é dáadáa: ìdajì ẹ̀yìn ni Z80, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, máa ń kọ́kọ́ kà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Tí ẹ bá ń tún un kọ:

1. Ẹ tẹ 2nd, lẹ́yìn náà 0, kí ẹ mú AsmPrgm nínú CATALOG (àkójọ àwọn àṣẹ). Tí ẹ bá fi lẹ́tà tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ò ní dá a mọ̀, bó tilẹ̀ jọ ọ́ lójú.
2. Kóòdù wà ní ìlà kejì. Òdo ni 0 yẹn, kì í ṣe lẹ́tà O.
3. Kí ẹ tó fi Asm(prgmA) ṣiṣẹ́ ètò yín (ká pè é ní prgmA), ẹ ṣí prgmB tuntun, ẹ tẹ 2nd STO láti da kóòdù rẹ̀ kọ síbẹ̀, ẹ mú prgmA, ENTER. Ẹ wá fi 2nd + àti 5 gbé prgmB lọ sí Archive, ibi ìpamọ́ tó yàtọ̀ sí RAM. RAM ìbáà pa rẹ́, ẹ̀dà yẹn á wà.

Ẹ fi AsmComp(, àṣẹ tó ń sọ ètò náà di èyí tí ẹ̀rọ ti pò pọ̀, sílẹ̀ ná. Ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde ò ṣeé ṣí tún ṣe mọ́.