Ṣé ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun ran àwọn báńkì lọ́wọ́ lásìkò kòrónà?

Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an. Ní 2020, báńkì tí áàpù àti kóòdù USSD rẹ̀ (nọ́ńbà téèyàn ń tẹ̀ lórí fóònù láìlo íńtánẹ́ẹ̀tì) ṣeé gbára lé ń rówó gbà kódà nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀ka rẹ̀ wà ní títì. Ẹ wo oníṣòwò aṣọ ní Gbági níbí n'Ìbàdàn: oníbàárà tẹ kóòdù lórí fóònù kékeré, owó wọlé, báńkì sì yọ tirẹ̀ bó ṣe wà lọ́dún náà: ₦10 lórí owó tí kò ju ₦5,000 lọ, ₦25 títí dé ₦50,000, ₦50 lórí èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó táṣẹ́rẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ àìmọye ìgbà lójúmọ́ ni wọ́n ń yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n áàpù kì í bá báńkì gba gbèsè padà lọ́wọ́ ẹni tó yáwó. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà kò lè dá owó tó yá padà, ìdí nìyẹn tí Báńkì Àpapọ̀ fi fàyè gba sísún ọjọ́ ìsanwó síwájú.