Èsì: Ó ti kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù ú, kí ló dé tí ẹ̀rù ṣì ń bà á?

Ẹ kú àníyàn àbúrò yín. Pé ó ṣì ń ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá dún, tí kì í sì í rí oorun sùn, kì í ṣe ojo rárá. Ẹni tó ti pẹ́ tó ń fetí sí ìró ẹsẹ̀ ọkọ, kó lè mọ̀ bóyá inú ń bí i, ọkàn rẹ̀ kì í tètè gbà pé ewu ti kọjá. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ ọ́ lọ́dún 2013 pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bí ìsoríkọ́ ṣe ń ṣe àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ń lù ju àwọn obìnrin yòókù lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kó gbàgbé. Ẹ mú un lọ rí dókítà ọpọlọ, tó bá gbà. Ṣùgbọ́n tó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni.