Ọ̀rẹ́ mi tó kú nídìí bọ́ǹbù kì í ṣe Mùsùlùmí: báwo ni mo ṣe lè rántí rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

As-salāmu ‘alaykum, Áfáà. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Portsmouth ni mò ń gbé. Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ ológun ojú omi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Òmùwẹ̀ tó ń tú bọ́ǹbù lábẹ́ omi ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí òun bá wà nísàlẹ̀, èmi ni mo máa ń di okùn rẹ̀ mú lókè. Bó bá kàn mí, okùn tèmi á wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Tí mo bá fà á lẹ́ẹ̀kan, mo ń bi í bóyá àlàáfíà ni. Tí òun náà bá fà á padà lẹ́ẹ̀kan, àlàáfíà ni.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ló kú sí. Kì í ṣe Mùsùlùmí. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, ọjọ́ tí wọ́n ń rántí àwọn ológun tó kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwa tó kù máa ń pàdé nídìí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. A ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà àwọn yòókù á lọ mutí ní ìrántí rẹ̀. Ẹnì kan ní mọ́ṣáláṣí sọ fún mi pé kéèyàn máa ṣọ̀fọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pàápàá, haráàmù ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé mo lè ṣe àdúà fún un? Okùn tí a lò kẹ́yìn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ìyàwó mi ní kí n gbé e sọnù, pé ó ti fẹ́ di òrìṣà. Ìyá ọ̀rẹ́ mi yìí wà láyé, ó sì fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀.

ÌDÁHÙN

Wa ‘alaykumu s-salām wa raḥmatullāh. Ẹ kú ọ̀fọ̀, arákùnrin mi. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà yín jọ ti ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì kí bẹ́ẹ̀ nínú àwa tí a jọ ń kírun.

Ẹni tó sọ pé haráàmù ni ìbànújẹ́ yín, àṣìsọ ló sọ. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti sọ ọ́ gbangba pé Ọlọ́hun kì í fìyà jẹni nítorí omijé ojú àti ìbànújẹ́ ọkàn. Ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ ni kéèyàn máa fa aṣọ ya, kó máa lu ara rẹ̀, kó máa sọ ìsọkúsọ sí Ẹlẹ́dàá. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ń gbé òkú kan kọjá, Ànábì sì dìde dúró. Wọ́n ní Yahúdì ni òkú náà. Ó dá wọn lóhùn pé: “Ṣé kì í ṣe ẹ̀mí ni?” Bukhari àti Muslim, àwọn tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, ló gba ọ̀rọ̀ yìí wá.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn Mut‘im ọmọ ‘Adiyy dáadáa, torí ọ̀rọ̀ yín gan-an ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Ànábì ń bọ̀ láti ìlú Tọ́íf, tí wọ́n ti sọ ọ́ lókùúta títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀, kò rí ọ̀nà wọ Mẹ́kà láìsí ẹni tí yóò dáàbò bò ó. Mut‘im ló gbà. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ohun ìjà, wọ́n dúró ní Káábà, ó sì kéde pé ààbò òun ni Muhammad wà. Mut‘im yìí kò gba Ìsìláàmù títí ó fi kú. Lẹ́yìn ogun Bádírì, nígbà tí nǹkan bí 70 nínú àwọn ará Mẹ́kà tó bá Ànábì jà wà ní ìgbèkùn, Ànábì ní ká ní Mut‘im wà láyé, tó sì bá òun sọ̀rọ̀ nítorí wọn, òun ì bá fi gbogbo wọn sílẹ̀ fún un. Ẹ wò ó: ọkùnrin náà ti kú, kò lè béèrè ohunkóhun mọ́, síbẹ̀ Ànábì kò gbàgbé oore rẹ̀. Hassān ọmọ Thābit, akéwì Ànábì, tilẹ̀ kéwì arò fún un. Nítorí náà, ẹ sọ oore ọ̀rẹ́ yín. Ẹ sọ ọ́ sókè.

Oore rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ní oṣù kejì ọdún 2018, wọ́n rí bọ́ǹbù Jámánì kan tó wọn 500 kìló nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú London City. Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ló ti wà níbẹ̀. Wọ́n ti pápákọ̀ náà pa, wọ́n kó àwọn tó ń gbé nítòsí kúrò nílé. Àwọn òmùwẹ̀ ológun irú tiyín ló wọnú omi tó dúdú, tí ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń mọ ohun tó wà níwájú wọn, tí wọ́n so ó, tí wọ́n sì wọ́ ọ gba orí Odò Thames lọ sí ọ̀nà Shoeburyness. Ní Woolwich àti Thamesmead, létí odò yẹn kan náà, àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀ bíi yangan. Ádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì tí wọ́n gbà wá, sọ fún wa pé mímú ohun tí ń ni èèyàn lára kúrò lójú ọ̀nà wà lára ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Ẹ̀gún àti òkúta la sábà máa ń fi ṣàpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹ̀yin mú bọ́ǹbù kúrò. Bí ẹ bá ṣe é nítorí Ọlọ́hun, mo nírètí pé ẹ̀san tiyín wà lọ́dọ̀ Rẹ̀.

Ó wá ku ibi tó le, mi ò sì ní fi oyin bò ó. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun nínú Sūratu At-Tawbah, āyah 113, kò fún wa láyè láti tọrọ àforíjìn fún ẹni tó kú láìgba Ìsìláàmù, ìbáà jẹ́ ẹbí wa. Ànábì fúnra rẹ̀ tọrọ àyè láti ṣe é fún ìyá tó bí i, Ọlọ́hun kò gbà. Àyè láti bẹ sàréè rẹ̀ wò ni Ó fún un, ó sì lọ, ó sunkún níbẹ̀ títí àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fi sunkún. Nítorí náà ẹ lè lọ sídìí sàréè ọ̀rẹ́ yín, ẹ sì lè sunkún. Ọ̀rọ̀ òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún Ẹni tí kì í ṣàbòsí ní ìwọ̀n ọmọ iná-igún. Kì í ṣe àwa la ó dájọ́ fún un. Àdúà tí ẹ lè ṣe láìsí ìyọnu ni fún ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀: kí Ọlọ́hun tù wọ́n nínú, kó fọ̀nà hàn wọ́n.

Dídákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì ńkọ́? Láti ọdún 1919 ni wọ́n ti ń ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onímímọ̀ kan kọ̀ ọ́, wọ́n ní àfarawé àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ni. Àwọn mìíràn rí i bí àṣà ìlú tí kì í ṣe ìjọsìn. Ọ̀dọ̀ àwọn ìkejì yìí ni ọkàn mi wà, bí ẹ kò bá ti kà á sí ìjọsìn, tí ẹ kò sì bá wọn gba àdúà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kọ orin rẹ̀. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ti ọtí kò ní àríyànjiyàn: Ànábì kọ̀ fún wa láti jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń mutí. Ẹ dágbére fún wọn nídìí òkúta náà. Bí wọ́n bá fẹ́ràn yín, wọ́n á bá yín jẹun ní ọjọ́ mìíràn.

Ní ti okùn, ìyàwó yín ní ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹ má bínú sí i. Tí ẹ bá ń bá okùn náà sọ̀rọ̀, tàbí ẹ ń wá ìbùkún lára rẹ̀, ẹ jù ú nù lónìí. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú Abū l-‘Āṣ, ọkọ Zaynab ọmọ Ànábì, ní Bádírì, Zaynab fi ẹ̀gbà ọrùn kan ránṣẹ́ láti fi rà á padà. Ẹ̀gbà tí Khadījah, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ìyàwó Ànábì, fún un nígbà ìgbéyàwó ni. Bí Ànábì ṣe rí i, àánú ṣe é gidigidi, ó sì bẹ àwọn sàhábà rẹ̀ pé bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀, kí wọ́n dá ẹ̀gbà náà padà fún oní-nǹkan.

Khadījah yìí kan náà, lẹ́yìn ikú rẹ̀, bí Ànábì bá pa àgùntàn, yóò gé e, yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ Khadījah. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Sūratu Al-Mumtaḥanah, āyah 8, kò kọ̀ fún wa láti ṣe dáadáa sí àwọn tí kò bá wa jà nítorí ẹ̀sìn. Kí oṣù kọkànlá tó pé, ẹ pe ìyá rẹ̀, ẹ gbé oúnjẹ lọ bá a. Ọmọ náà ti gbọ́ pé akọni ni bàbá òun. Kò dájú pé ẹnikẹ́ni ti sọ fún un ohun tí bàbá rẹ̀ ń fi ọwọ́ ṣe nínú òkùnkùn omi. Ẹ mú okùn yẹn dání. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà di etí kan mú, kí ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, kí òun náà fà á padà.