Pockels cell kì í yí ìmọ́lẹ̀, Kẹ́hìndé ló ń dá dúró

Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó dáhùn, torí ó dà bí ẹni pé èmi gan-an ni mo kọ ọ́ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. O ní léṣà tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 1064 nánómítà, o ní Pockels cell (àpótí kékeré tí iná máa ń ṣiṣẹ́ lórí kírísítálì inú rẹ̀ láti darí ìmọ́lẹ̀) oníkírísítálì KD*P, o sì fẹ́ fi iná yí polarization rẹ̀, ìyẹn ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbọ̀n sí, láti òòró sí ìbú. O tún fẹ́ lè dá a dúró níbi tó bá wù ọ́ láàárín, bíi 30 dígíìrì. Ìwé tó bá cell náà wá sọ pé 3400 fólítì. O fún un ní 3400, kò yí. Bí o ṣe ń yí polarizer kejì (asẹ́ tó ń jẹ́ kí kìkì ìmọ́lẹ̀ tó ń gbọ̀n sí ìhà kan kọjá) tó, ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ sí i, kò dín kù. Èyí tó tún burú jù ni pé kí o tó tan iná rárá, nǹkan bí ìdá kan nínú ogún ìmọ́lẹ̀ náà ti ń jò kọjá láàárín polarizer méjì tó dábùú ara wọn. Wọ́n ti sọ fún ọ pé cell náà ti bàjẹ́. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ ká mú ti 3400 kúrò ná. Ọ̀rọ̀ náà "yí" ló ń ṣi gbogbo wa lọ́nà. Kírísítálì yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí ìmọ́lẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe: ó ń pín ìmọ́lẹ̀ tó wọlé sí méjì, ó sì ń dá ọ̀kan dúró díẹ̀ lẹ́yìn èkejì. Pè wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Ìmọ́lẹ̀ rẹ tó ń gbọ̀n ní òòró jẹ́ àpapọ̀ Táyé tó fì sí ọ̀tún ní 45 dígíìrì àti Kẹ́hìndé tó fì sí òsì ní 45 dígíìrì, tí àwọn méjèèjì ń rìn lọ́gbọọgba. Tí kò bá sí iná lórí kírísítálì, bí wọ́n ṣe wọlé ni wọ́n ṣe ń jáde. Tí iná bá dé, Kẹ́hìndé á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Tó bá fi ìdajì ìgbì rẹ̀yìn gééré, àpapọ̀ wọn á di ìmọ́lẹ̀ tó ń gbọ̀n ní ìbú, òun la wá ń pè ní yíyí 90 dígíìrì. Tó bá jẹ́ ìdámẹ́rin ìgbì péré ló fi rẹ̀yìn, ìmọ́lẹ̀ náà kò ní òòró, kò ní ìbú mọ́, ńṣe ni yóò máa pòyì bí òkòtó. Yí polarizer kejì títí di ọ̀la, iye kan náà ni yóò máa gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí o ṣàpèjúwe gan-an nìyẹn.

Ìyẹn ni pé 3400 orí ìwé rẹ, fólítì ìdámẹ́rin ìgbì ni. Iṣẹ́ Q-switch, ìyẹn ìlẹ̀kùn inú léṣà tó ń jẹ́ kí agbára kọ́kọ́ kó jọ kó tó tú u jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ni wọ́n sábà máa ń ṣe irú cell bẹ́ẹ̀ fún. Nínú Q-switch, ìmọ́lẹ̀ á gba inú cell lọ, á lu dígí, á tún gba ibẹ̀ padà, ìdámẹ́rin lọ́nà méjì sì di ìdajì. Ìwọ ń gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nǹkan bí 6700 ni o nílò. Cell rẹ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, iṣẹ́ tí o rán an ló jẹ́ fún ọ.

Má kàn gba 6700 yẹn lẹ́nu mi, ṣírò ó fúnra rẹ. Mú gígùn ìgbì, pín in sí ọ̀nà iye tí o bá rí nígbà tí o bá fi 2 sọ n³ di púpọ̀, tí o sì tún fi r63 sọ ọ́ di púpọ̀. Fún KD*P, n (ìwọ̀n bí kírísítálì ṣe ń dín eré ìmọ́lẹ̀ kù) jẹ́ nǹkan bí 1.49, r63 (ìwọ̀n bí iná ṣe ń nípa lórí kírísítálì náà tó) sì wà ní àyíká pikómítà 24 fún fólítì kan. Wàá rí i pé gígùn kírísítálì kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Ìdí ni pé nínú irú cell yìí, ọ̀nà kan náà ni iná àti ìmọ́lẹ̀ ń tọ̀. Bí kírísítálì bá gùn sí i, iná inú rẹ̀ á rọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ti lithium niobate, kírísítálì mìíràn tí iná ti ń dábùú ìmọ́lẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀: bó bá ṣe gùn tó tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni fólítì rẹ̀ á ṣe kéré tó. Gígùn ìgbì ni kí o ṣọ́. Mo ti mú fólítì ìdámẹ́rin ti 1064 lọ fi ṣiṣẹ́ lórí léṣà aláwọ̀ ewé 532 rí, ó wá ń yà mí lẹ́nu pé polarization yí pátá nígbà tí mo ń retí kí ó máa pòyì. Gígùn ìgbì ti di ìdajì, fólítì náà sì di ìdajì pẹ̀lú rẹ̀.

(Friedrich Pockels ará Jámánì ló ṣe iṣẹ́ yìí ní 1893, ó sì bọ́ sí rere fún wa pé bí fólítì ṣe ń lọ sókè ni ìdádúró ń bá a lọ ní ìlà tààrà. Èyí tí John Kerr ti rí ṣáájú ní 1875 kì í tọ ìlà tààrà: fi fólítì ìlọ́po méjì sí i, ìdádúró á di ìlọ́po mẹ́rin.)

Ìmọ́lẹ̀ tó ń jò nígbà tí iná kò tíì sí ni ìṣòro gidi, òun ló sì gba odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Mo dá driver, ẹ̀rọ tó ń fún cell ní iná, lẹ́bi. Mo dá kírísítálì lẹ́bi. Mo tilẹ̀ kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí àwọn tó tà á fún mi, kí ojú tó wá tì mí. Látìgbà náà, mi ò jẹ́ tan driver títí tí n bá fi rí òkùnkùn.

Yọ cell kúrò lójú ọ̀nà pátápátá. Kí ó ku léṣà, polarizer méjì tó dábùú ara wọn, àti photodiode tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ṣé ó ṣì ń jò? Tèmi ṣì ń jò. Dígí kan wà láàárín polarizer àkọ́kọ́ àti ibi tí cell máa ń wà, tó ń darí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, polarization mi sì fì, kò dúró, kò sùn. Dígí onípele púpọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dá Kẹ́hìndé dúró fúnra rẹ̀ láìsí fólítì kankan. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gúnlẹ̀ síbẹ̀ bí ìlà á jáde rí bí ẹyin. Kò sí polarizer tó lè pa ẹyin tán. Gbé polarizer àkọ́kọ́ wá sẹ́yìn dígí tó kẹ́yìn, kí ohunkóhun má sí láàárín òun àti cell. Tí dígí bá pọn dandan láàárín wọn, àfi kí polarization wà ní òòró gan-an tàbí ní ìbú gan-an.

Tó bá jẹ́ polarizer oníkúùbù lo ń lò, ìmọ́lẹ̀ tó gba àárín rẹ̀ kọjá ni kí o gbẹ́kẹ̀ lé. Èyí tó ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í mọ́. Glan-Taylor, polarizer oníkírísítálì, dára jù ú lọ dáadáa, ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá sí èyí tó ń jò lè dé 100,000 sí 1. Cell fúnra rẹ̀ sábà máa ń wà ní àyíká 1000 sí 1, nítorí náà kò yẹ kí ó jẹ́ polarizer ló máa kọ́kọ́ já ọ kulẹ̀.

Wàyí o, dá cell padà, iná ṣì wà ní pípa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibí ni ìdá kan nínú ogún rẹ wà. Kírísítálì yìí ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo nínú ara rẹ̀ tí Táyé àti Kẹ́hìndé ti lè rìn lọ́gbọọgba láìsí iná, optic axis ni orúkọ rẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá fì kúrò níbẹ̀, ìdádúró ti bẹ̀rẹ̀. Nínú kírísítálì tó gùn tó sẹ̀ńtímítà méjì, fífì dígíìrì kan péré ti tó láti jẹ́ kí irú iye tí o rí yẹn jò. Ojú lásán kò lè mọ dígíìrì kan.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń jẹ́ kí léṣà pupa kékeré 633 gba ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú 1064, torí ojú kò rí 1064 (ó sì ń fọ́ ojú láìjẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀, nítorí náà gọ́gùlù kì í kúrò lójú mi). Mo máa ń fi bébà funfun sẹ́yìn polarizer kejì, mo sì máa ń sàmì síbi tí pupa náà bá bà sí. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi téèpù aláìríran-kedere bo iwájú cell kí ìmọ́lẹ̀ fọ́n káàkiri. Ohun tó máa yọ lórí bébà yẹn máa ń dùn mọ́ mi di òní: àgbélébùú dúdú, tí òrùka lórí òrùka yí i ká. Àárín àgbélébùú yẹn ni optic axis. Máa fi cell náà díẹ̀díẹ̀, sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì, títí àárín àgbélébùú á fi jókòó sórí àmì rẹ. Yọ téèpù, kí o wá fi photodiode parí ìyókù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ìmọ́lẹ̀ tó ti ń jò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Tí kò bá kú síbẹ̀, tú nọ́ọ̀tì tó di cell mú díẹ̀. Kírísítálì tí wọ́n bá fún lọ́rùn máa ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró fúnra rẹ̀.

Nígbà tí òkùnkùn bá ti dé, o ṣì ní láti wá ibi tí 45 dígíìrì wà. Fún un ní bí ìdajì 6700 fólítì yẹn, wá ipò tí òkùnkùn ti padà nígbà tí o bá yí cell lórí ara rẹ̀ bíi kẹ̀kẹ́, kí o wá kúrò níbẹ̀ ní 45. Òkùnkùn ni kí o wá, má wá ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù. Ó rọrùn láti mọ ibi tí òkùnkùn wà gan-an ju ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù lọ. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí o bá fẹ́ yí i ni kí o pa iná, kí o sì dúró. Kápásítọ̀ inú driver ṣì ń di iná mọ́ra lẹ́yìn tí bọ́tìnnì bá ti sọ pé ó ti kú. Ó gbé mi rí. Ó jù mí lu àga ẹ̀yìn mi, apá mi sì kú títí di alẹ́. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣiṣẹ́ nítòsí rẹ̀, èkejì á wà nínú àpò.

Ti 30 dígíìrì wá kù. Tí o bá fún cell nìkan ní ìdámẹ́ta 6700 fólítì yẹn, ẹyin ni wàá rí, kò ní jẹ́ ìlà tó fì sí 30. Ó yẹ kí o ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí: ìdádúró kì í ṣe yíyí. Fi quarter-wave plate kan (àwo tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi ìdámẹ́rin ìgbì dá Kẹ́hìndé dúró láìsí iná) sẹ́yìn cell, kí ojú ọ̀nà rẹ̀ bá polarization tó wọlé mu. Ó rọrùn láti mọ̀: pa iná, fi plate náà sáàárín, yí i títí òkùnkùn á fi padà. Látìgbà náà, iye ìdádúró yòówù kí cell fún un, ìlà tààrà ni yóò máa jáde, yóò sì fi ìdajì ìdádúró náà yí. 6700 á fún ọ ní 90, nǹkan bí 2230 á fún ọ ní 30.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí nígbà náà: báwo ni ó ṣe gbọ́dọ̀ yá tó? Tó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá kan tó fún ọ láti yí i, fi gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Gbé half-wave plate (irú àwo bẹ́ẹ̀ tó ń fi ìdajì ìgbì dá a dúró) sórí mọ́tò kékeré, yí i ní 15 dígíìrì, polarization á yí ní 30, kò sì sí ẹni tí iná máa gbé. Liquid crystal (kírísítálì olómi) náà wà fún ẹni tí mílísẹ́kọ́ńdì bá tẹ́ lọ́rùn, fólítì díẹ̀ ló sì ń jẹ. Nánósẹ́kọ́ńdì ni Pockels cell wúlò fún.

Tó bá jẹ́ nánósẹ́kọ́ńdì lóòótọ́ lo ń wá, jẹ́ kí wáyà láàárín driver àti cell kúrú bó bá ti lè kúrú tó. Agbára cell láti di iná mọ́ra kò ju pikófárádì mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n mítà kan wáyà RG-58 tó nǹkan bí 100. Wáyà lo máa máa fi iná kún, kì í ṣe cell. Kí o sì mọ̀ pé KD*P máa ń dún. Tí o bá fi fólítì lù ú lójijì, á gbọ̀n bí agogo, polarization á máa mì fún ọ̀pọ̀ máíkrósẹ́kọ́ńdì lẹ́yìn tí o rò pé ó ti parí. Mo kà á sí ariwo oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ) fún ìgbà pípẹ́. BBO, kírísítálì mìíràn, kì í dún tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó le: èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 3 tó sì gùn ní 20 ṣì ń béèrè nǹkan bí 3500 fólítì fún ìdámẹ́rin ìgbì nìkan.

Má fi fólítì sílẹ̀ lórí KD*P láti àárọ̀ dalẹ́. Tan án fún ìgbà kúkúrú, kí o pa á. Má sì jẹ́ kí ọ̀rinrin rí i, omi ń jẹ ẹ́ bí iyọ̀. Èyí àkọ́kọ́ tí mo ní, mo ṣí fèrèsé rẹ̀ láti nu eruku, mo gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì ní ọjọ́ méjì, ojú rẹ̀ sì funfun bíi gíláàsì tí èémí bò. Ìyẹn gan-an ló bàjẹ́ lóòótọ́.

Wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń jò láìsí cell, kí o wọn ọ́n pẹ̀lú cell láìsí iná, kí o sì kọ iye méjèèjì síbí fún mi.